Ilẹ̀ ẹbí tí ẹran ìgbẹ́ yóò máa gbé: bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ní agbègbè Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹbí ní agbègbè Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ ló ní ilẹ̀ tí kókó orí rẹ̀ ti gbó, tí àwọn ọmọ ti wọ̀lú lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì ro mọ́. Àwọn kan á tà á. Àwọn mìíràn á yọ̀ǹda fún ọdẹ kan pé kó máa wọ̀ ọ́ lálaalẹ́. Láàárín ọdún méjì, ẹran á ti tán, igbó á ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lè di ibi tí ọ̀yà, òkété, àparò àti ẹtu díẹ̀ yóò máa gbé, tí wọn yóò máa bímọ, tí ẹ ó sì máa rí díẹ̀ mú lọ́dọọdún láìjẹ́ pé wọ́n tán. Iṣẹ́ àdá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìbọn ló kẹ́yìn.

A ó fi ilẹ̀ 24 éékà ṣe àpẹẹrẹ, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó hẹ́kítà 10, irú èyí tí ẹ lè rí lọ́nà Ifẹ̀wàrà tàbí ní ìhà Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà, tí odò kékeré kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí tiyín bá kéré jù bẹ́ẹ̀ tàbí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, ẹ dín in kù tàbí kí ẹ fi kún un.

Ẹran tí ilẹ̀ yín lè gbà

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Éékà 24 kò lè dá gbé ìgalà. Ìgalà á gba ibẹ̀ kọjá, á jẹun, á mumi, á sì kọjá sí ilẹ̀ ẹlòmíràn kí ilẹ̀ tó mọ́. Oṣù mẹ́fà ni oyún rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ló sì ń bí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá pa á lórí ilẹ̀ yín, ẹran gbogbo àdúgbò lẹ pa. Ẹtu kò nílò ilẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ kan náà ló ń bí, igbó tó ṣú tí kò sí ariwo nínú rẹ̀ ló sì ń fẹ́.

Ọ̀yà ni ilẹ̀ kékeré yẹ fún. Oyún rẹ̀ tó oṣù márùn-ún, ó lè bí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọmọ mẹ́rin sì ni ó sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Kì í rìn jìnnà bí koríko, ibi ìsápamọ́ àti omi bá sún mọ́ra. Òkété tún yá ju ọ̀yà lọ láti bí: oyún rẹ̀ kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ. Àparò ń fẹ́ koríko tó dá síbí dá sọ́hùn-ún, pẹ̀lú ilẹ̀ gbalasa tí yóò ti máa fi erùpẹ̀ wẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbé ètò yín ka ọ̀yà, òkété àti àparò. Kí ẹtu jẹ́ àlejò tí ẹ ń tọ́jú. Ìgalà tó bá kọjá, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Ẹ rìn ín kí ẹ tó gé koríko kan

Ẹ fi oṣù kan gbáko rìn ín ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́. Ìwé kékeré kan, bírò, àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ó fi máa yẹ koríko sí ẹ̀gbẹ́ ti tó.

Àmì ọ̀yà ló rọrùn jù láti mọ̀. Bí ẹ bá dé ìdí èèsún, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Eyín ọ̀yà kì í fa koríko ya. Ó ń gé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ìgbà tí ẹni fi àdá mímú gé ìrèké. Ẹ ó rí àwọn kélekèle koríko tó gùn tó ìka ọwọ́, tí wọ́n wà lójú kan bí igi ìdáná tí a kó jọ, nítorí ibẹ̀ ló jókòó sí, tó ń gé, tó ń jẹ ibi tó rọ̀, tó sì ń ju èyí tó le sílẹ̀. Bí ojú gígé náà bá ṣì funfun tó ń ṣomi, òru àná ni. Bí ó bá ti pọ́n bí ewé tábà, ó ti pé ọjọ́ mélòó kan. Imí rẹ̀ gùn díẹ̀, ó tẹ̀ díẹ̀, ìlà jíjìn kan sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ìlà yẹn ni kì í jẹ́ ká ṣì í mú fún imí ẹran mìíràn. Ojú ọ̀nà rẹ̀ dà bí ihò tó gba abẹ́ koríko kọjá, ó sì máa ń darí sí omi.

Òkété ní ju ẹnu ihò kan lọ. Èèpo èkùrọ́ tó fọ́ ní ẹnu ihò fi hàn pé òun ló ni ín. Ní òwúrọ̀, bí ewé àti erùpẹ̀ bá dí ẹnu ihò láti inú wá, ó wà nílé. Bí aláǹtakùn bá ti ta òwú sí ẹnu ihò, ó ti di ahoro. Ẹtu máa ń ya ìgbẹ́ sí ojú kan náà léraléra, imí náà róbótó, ó kéré bí ẹ̀wà. Ti àparò, ẹ gbọ́ igbe rẹ̀ ní ìdájí, kí ẹ sì wá ibi tó ti ń fi erùpẹ̀ wẹ̀, níbi tí ìyẹ́ máa ń já sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣe ojú iyanrìn mẹ́wàá. Ẹ wá ibi mẹ́wàá tí ojú ọ̀nà ẹran gbà, ẹ ha ilẹ̀ mítà kan sí mítà kan níbẹ̀, kí ẹ da iyanrìn odò tí ẹ ti sẹ́ sí i kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 3, kí ẹ sì fi igi tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ tẹ́ ẹ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ lọ wò ó ní ìdájí, kí oòrùn tó mú iyanrìn gbẹ, tí etí ẹsẹ̀ ẹran á fi wó. Ọjọ́ mẹ́ta léraléra lóṣù kan ti tó. Ohun tí ẹ ń kọ sílẹ̀ ni iye ojú iyanrìn tí ẹran kọ̀ọ̀kan tẹ̀ nínú mẹ́wàá. Bí ọ̀yà bá tẹ mẹ́ta lọ́dún yìí, tó tẹ mẹ́fà lọ́dún tó ń bọ̀, iṣẹ́ yín ń so èso. Ìṣirò yìí kò sọ iye ẹran tó wà fún yín, ṣùgbọ́n yóò sọ bóyá wọ́n ń pọ̀ sí i tàbí wọ́n ń dín kù. Ẹni tó bá fojú inú wò ó lásán máa ń tan ara rẹ̀ jẹ, pàápàá nígbà tí koríko bá gbẹ tí ẹran rọrùn láti rí; á rò pé wọ́n pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ibi ìsápamọ́ ló dín kù.

Ààlà, àti àwọn tó yí yín ká

Kí ẹbí jókòó, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ náà fọwọ́ sí ìwé pé a kò ní ta á, a kò ní fún ẹnikẹ́ni dáko lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà ó kéré tán. Ọdún mẹ́ta ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ìlà kan yóò fi yípo, bí ẹ ó ṣe rí i níwájú. Bí ẹnì kan bá gé ilẹ̀ fún ẹ̀gẹ́ ní ọdún kejì, òógùn ti ṣòfò. Ẹ gbin pèrègún sí gbogbo ààlà, mítà márùn-ún síra wọn, lójú gbogbo àwọn tó báa yín pààlà. Ìgbà òjò oṣù kẹrin ló dára jù láti gbìn ín.

Ẹ tún lọ bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀ ṣáájú, nítorí ọ̀yà kì í mọ ààlà. Bí ó bá wọ oko àgbàdo tàbí oko ìrẹsì ẹlòmíràn, ẹjọ́ yín ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí koríko tó ga dé etí ààlà tó bá oko oúnjẹ pàdé. Ẹ fi mítà mẹ́wàá sílẹ̀ níbẹ̀ ní gbígbálẹ̀ tónítóní, nítorí ọ̀yà ń bẹ̀rù láti la gbangba kọjá. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fẹ́nì kan jẹ. Síbẹ̀, ẹni tó báa yín pààlà ni kó kọ́kọ́ jẹ nínú ẹran tí ẹ bá pa, nítorí òun ni yóò pariwo nígbà tí iná bá ń bọ̀, òun náà ni yóò sì rí àjèjì tó gbé ìbọn wọlé lóru.

Ṣíṣán ilẹ̀ ní ìlà-ìlà

Èyí ni ọkàn iṣẹ́ náà, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹran kì í gbé àárín igbó kìjikìji tí ojú ilẹ̀ rẹ̀ ṣú, tí kò sí ewé tútù lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í gbé ilẹ̀ gbalasa. Etí igbó ló fẹ́, níbi tí oúnjẹ àti ibi ìsápamọ́ ti fara kanra. Ohun tí à ń ṣe ni pé kí etí igbó pọ̀ lórí ilẹ̀ kékeré.

Ẹ pín éékà 24 náà báyìí: éékà 9 fún etí odò àti kókó àgbà pẹ̀lú àwọn igi ńlá tó ṣíji bò ó, èyí tí àdá kò gbọdọ̀ kàn, éékà 12 fún koríko àti igbó kékeré, èyí tí ẹ ó máa ṣán, éékà kan fún oúnjẹ ẹran, àti nǹkan bí éékà 2 fún ọ̀nà iná tó yí gbogbo rẹ̀ ká. Ẹ má ronú pé ọ̀nà iná kéré: bí ilẹ̀ náà bá ṣe dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yíyí rẹ̀ ká á lé ní mítà 1,200.

Éékà 12 yẹn ni ẹ ó pín sí ìlà-ìlà tó fẹ̀ ní mítà 10. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá gùn ní nǹkan bí mítà 150, ẹ ó rí ìlà bí 30. Ẹ fi òǹkà 1, 2, 3, 1, 2, 3 sí wọn títí dé òpin, kí ẹ sì ri igi mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ ṣán àwọn tó jẹ́ 1. Ní ọdún kejì, àwọn tó jẹ́ 2. Ní ọdún kẹta, àwọn tó jẹ́ 3. Lẹ́yìn náà ẹ padà sí 1. Ìdá mẹ́ta yìí túmọ̀ sí pé éékà 4 péré lẹ ń ṣán lọ́dún, àti pé nígbà gbogbo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko tuntun tí ẹran ń jẹ, igbó ọdún kan tàbí méjì wà tí ó lè sá sí. Mítà 10 kò jìn. Ọ̀yà lè sá a kọjá kí àṣá tó balẹ̀. Ẹni tó bá ṣán mítà 30 lẹ́ẹ̀kan á rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni ẹran ń jẹ, tí àárín á wà níbẹ̀ láìní ẹsẹ̀ ẹran kankan.

Ìparí oṣù kẹsàn-án sí àárín oṣù kẹwàá ni àsìkò ṣíṣán. Ìdí ni pé ilẹ̀ ṣì tutù, èèsún á rú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ewé tútù yóò sì wà dé inú ọyẹ́. Bí ẹ bá dúró dé oṣù kejìlá, kò ní rú, ẹ kàn ti fi ìlà náà ṣe gbangba ni. Gígé náà kò gbọdọ̀ kanlẹ̀: ẹ fi kúkúté tó ga tó ìdajì ojúgun sílẹ̀. Kúkúté yìí ló ń jẹ́ kó yára rú, òun ló sì ń jẹ́ kí ọmọ àparò rí ibi dúró sí. Kí ẹni tó ń ṣán máa fi igi gbá koríko níwájú ara rẹ̀. Bí ó bá rí ẹyin tàbí ọmọ, kó fi ìdí koríko tó fẹ̀ tó yàrá kan sílẹ̀ yí i ká.

Ẹ má fi oògùn apakoríko ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ń pa gbòǹgbò tí ẹ fẹ́ kó rú, ó sì ń pa àwọn kòkòrò tí ọmọ àparò ń jẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Paraquat gan-an, NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìíní 2024.

Ewé Akíntọ́lá nìkan ló gba àkíyèsí lọ́tọ̀. Ó dára fún ìsápamọ́, ilẹ̀ á sì sinmi lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ kékeré ló wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń borí koríko bí a kò bá dí i lọ́nà. Nínú ìlà tí ẹ ṣán, ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò nígbà tó bá ṣì ga tó orúnkún, lẹ́yìn òjò, kí ọwọ́ lè fà á. Gígé lásán kì í mú un kú. Níbi tí ìlà ti pá, ẹ gbé ìdí èèsún wá láti ibi tó ti pọ̀: ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ tó ní ojú mẹ́ta, kí ẹ ri ojú méjì wọlẹ̀, ìgbésẹ̀ kan síra wọn, ní oṣù karùn-ún.

Iná

Iná oṣù kejì kan á ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́ ní ọ̀sán kan. Àwọn àgbẹ̀ tó ń jó ilẹ̀ wọn láti gbin iṣu ló sábà ń dá a sílẹ̀, àwọn ọdẹ tó ń fi iná lé ọ̀yà jáde náà wà níbẹ̀. Iná tó bá kọjá kì í pa ọmọ inú ihò àti ẹyin nìkan. Ewé tútù tí yóò rú lẹ́yìn rẹ̀ á fa ẹran sí gbangba tí kò sí ibi ìsápamọ́, níbi tí gbogbo ọdẹ àdúgbò ti ń dúró dè wọ́n.

Ọ̀nà iná gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mítà 6, kí a fi ọkọ́ ha á títí dé erùpẹ̀ pupa. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àríwá-ìlà oòrùn, níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí ó fẹ̀ tó mítà 10. Ẹ ha á lẹ́ẹ̀kan ní ìparí oṣù kọkànlá, kí ẹ tún gbá a ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní. Ẹ má fo gbígbá kejì yẹn: ewé tó wọ́ lé orí rẹ̀ nínú ọyẹ́ ló máa ń gbé iná kọjá, kì í ṣe koríko. Ẹ hú gbogbo ewé Akíntọ́lá tó wà láàárín mítà 10 sí ọ̀nà iná, nítorí bó bá gbẹ, ó ń jó bí ẹni fi epo sí i, ahọ́n iná rẹ̀ sì ń fò ga. Ẹ ní páǹpù ẹ̀yìn méjì nílẹ̀, irú èyí tí a fi ń fín kókó, ṣùgbọ́n kó jẹ́ tuntun tí oògùn kò wọ inú rẹ̀ rí, kí ẹ kún un fọ́mi láti oṣù kejìlá títí òjò yóò fi rọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dá kojú iná.

Omi àti iyọ̀

Bí odò yín bá gbẹ ní oṣù kejì, ẹ gbẹ́ kòtò omi kan sí ìdí ìlà, kó gùn ní mítà 3, kó fẹ̀ ní mítà 2, kó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60 ní orí kan, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ dé orí kejì. Gígòkè díẹ̀díẹ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ọmọ ẹran tó bá jábọ́ sínú kòtò tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán á kú sínú rẹ̀, omi á sì rà. Ẹ fi amọ̀ tẹ́ ẹ nínú kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó dì. Nǹkan bí líítà 1,800 ló ń gbà.

Ní ìhà Iléṣà, níbi tí àwọn tó ń wa wúrà ti wọ inú odò, ẹ wo àwọ̀ omi kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Odò tó bá dà bí tíì oníwàrà láti òkè wá kì í ṣe omi tí ẹ óò máa fún ẹran mu. Ẹ fi kòtò òjò rọ́pò rẹ̀.

Fún iyọ̀, ẹ po kílò 5 iyọ̀ mọ́ kílò 15 ilẹ̀ ògán pẹ̀lú omi díẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí kúkúté igi tó ń jẹrà, ní mítà 50 sí omi ó kéré tán, kó sì jìnnà sí ààlà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti tó. Ẹ má fi ègùn, ìyẹn ibi ìjókòó ọdẹ lórí igi, sí tòsí rẹ̀, nítorí abo tó ń fọ́mọ lọ́mú ló ń wá iyọ̀ jù.

Oúnjẹ láti oṣù dé oṣù

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni gbígbin ohun kan náà káàkiri. Ẹran kì í fi oúnjẹ oṣù keje gbé oṣù kejì. Ẹ kọ oṣù méjìlá sílẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tó ṣófo. Òro máa ń já sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ìyeyè ní àárín òjò, àgbálùmọ̀ láti oṣù kejìlá sí ìgbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀tọ́ sì máa ń so lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún. Ẹ má gé ìkankan nínú àwọn igi wọ̀nyí, bí wọ́n tilẹ̀ ṣíji bo kókó. Ìyeyè ni kí ẹ fi kún un: ẹ gé ẹ̀ka tó nípọn tó ọrùn ọwọ́, kó gùn ní mítà kan àbọ̀, kí ẹ ri ìdámẹ́ta rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, mítà 10 síra wọn. Ó ń rú láìsí wàhálà. Ọ̀pọ̀tọ́ náà ń rú bẹ́ẹ̀.

Éékà oúnjẹ náà, ẹ pín in sí mẹ́rin. Ẹ̀gẹ́ ní ìdá kan, mítà kan sí mítà kan, tí yóò gba nǹkan bí igi 1,000. Ẹ má wú u, ẹ jẹ́ kí òkété àti ọ̀yà fúnra wọn wú u ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀dùnkún ní ìdá kejì, kí ẹ gbìn ín ní oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án. Ìrèké ní ìdá kẹta, lápá tó rọ̀ mọ́ omi. Ìdá kẹrin, ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ máa yí wọn po lọ́dọọdún. Éékà yìí gbọ́dọ̀ wà ní àárín ilẹ̀. Èyí tó bá wà létí ọ̀nà, ọdẹ àjèjì lẹ gbìn ín fún.

Iye tí ẹ lè mú, àti bí ẹ ṣe ń mú un

Ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹ má pa ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò. Ní 1991, Robinson àti Redford, àwọn onímọ̀ nípa ẹran ìgbẹ́, gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún ẹran igbó ilẹ̀ olóoru: nínú àwọn ọmọ tí ẹran ń fi kún iye ara wọn lọ́dún, ẹran tí ọjọ́ orí rẹ̀ kúrú gan-an, a kò gbọdọ̀ mú ju ìdá 60 nínú 100 lọ, èyí tó wà láàárín, ìdá 40, èyí tó ń pẹ́ láyé, ìdá 20. Ibi tí a kò gbọdọ̀ kọjá ni ìyẹn. Tiwa ni pé kí ẹ dúró sí ìdá 25 nínú 100, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí òǹkà wa kì í pé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí àpẹẹrẹ. Bí àmì bá fi hàn pé ẹgbẹ́ ọ̀yà mẹ́rin ló ń jẹun lórí ilẹ̀ yín, ẹ ka abo méjì sí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: abo 8. Ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún jẹ́ 64. Erè, ẹta, àṣá àti ajá á mú nínú wọn, ẹ ka ìdajì: 32 ló kù. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni 8. Ọ̀yà 8 ni ẹ lè mú lọ́dún náà. Iye yìí kéré lójú ẹni tó ń tà á fún àwọn oníbùkà, ṣùgbọ́n òun ni yóò jẹ́ kí ẹ tún rí 8 lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí 12.

Ọ̀yà kì í ní oṣù kan pàtó fún ìbímọ, nítorí náà dídá ọdẹ dúró ní oṣù kan kò tó láti dáàbò bo aboyún. Ohun tó dára jù ni ohun tí bàbá wa ń ṣe fún ilẹ̀: kí ẹ dá ibi kan sílẹ̀. Ẹ pín gbogbo ilẹ̀ náà sí mẹ́ta, kí ẹ ṣọdẹ ní apá kan lọ́dún kan, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì nìkan, kí apá méjì yòókù má gbọ́ ìró ìbọn rárá. Ọmọ tó bá kún níbẹ̀ ni yóò wá rọ́pò èyí tí ẹ mú.

Àpótí onílẹ̀kùn ìjásílẹ̀ ló dára jù fún ọ̀yà: pákó, kó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90, kó fẹ̀ ní 30, kó ga ní 35, kí ẹ fi ẹ̀gẹ́ tàbí ìrèké sínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ẹ sì gbé e sí ojú ọ̀nà ọ̀yà. Ó ń mú un láàyè, ẹ sì lè yan. Ẹ dà á sínú àpò, ẹ má fi ìrù fà á, ìrù rẹ̀ tètè ń já. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀: ti akọ, ihò ìdí àti ojú ara jìnnà síra fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti abo. Ẹ tú abo sílẹ̀, ẹ mú akọ. Okùn wáyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹtu, ajá àti ọmọ ẹlòmíràn ni ó ń mú, ẹran tó sì já lọ pẹ̀lú wáyà lọ́rùn á kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Tàkúté irin náà bẹ́ẹ̀ ni. Gamalin, ìyẹn oògùn apakòkòrò, àti irú oògùn bẹ́ẹ̀ nínú oúnjẹ ẹran, ìyẹn ìpànìyàn ni, nítorí ènìyàn ló máa jẹ ẹran náà.

Bí ẹ bá lo ìbọn, ṣakabùlà tàbí oníkátíríìjì, òfin ìbọn ti 1959 bèèrè ìwé àṣẹ fún un. Kí Olúọdẹ àdúgbò àti àwọn Àmọ̀tẹ́kùn mọ òru tí ẹ ń jáde. Orí ègùn ni kí ẹ ti yìnbọn sísàlẹ̀, kì í ṣe láti ilẹ̀ sí ìlà, nítorí mítà 10 koríko kò dá ọta dúró, ẹlòmíràn sì lè wà lódì kejì. Ẹ má yìnbọn sí ojú tó ń dán nínú tọ́ọ̀ṣì títí ẹ ó fi rí ara ẹran náà. Akíka, ẹ má fọwọ́ kàn án: òfin àwọn ẹran tó fẹ́ run ti 1985, tí wọ́n tún ṣe ní 2016, ló dáàbò bò ó, àdéhùn CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹran àti ewéko tó fẹ́ run, sì ti ka òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè léèwọ̀ láti 2017.

Ẹran tí ẹ bá bá ní òkú, ẹ má gbé e wálé, ẹ má là á, ẹ sin ín jìn. Èyí tí ẹ pa, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí ẹ tó la inú rẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú rẹ̀; bí wọ́n bá ní àmì funfun, tàbí tí wọ́n wú ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ jù ú sínú iná. Lẹ́yìn náà ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ oṣù, akọ tàbí abo, ìwọ̀n, àti iye ọmọ inú bí ó bá jẹ́ aboyún, sínú ìwé kan náà tí ẹ fi ń ka ojú iyanrìn. Bí aboyún bá ju ẹyọ kan lọ nínú mẹ́ta tí ẹ kọ́kọ́ pa, ẹ kó àwọn àpótí wọlé, kí ẹ má padà síbẹ̀ títí oṣù kejìlá tó ń bọ̀.